Ohun Tí OP, BOP, PF1 àti Dust Ń Wí Lára Páálí Tíì

Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ mu tíì ní Òṣogbo, ó lè jẹ́ Milo ló ń wí, ó lè jẹ́ Bournvita. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti gbóná, tó gba mílíìkì àti ṣúgà, tíì ni lẹ́nu wa. Tíì eléwé ni mò ń sọ lónìí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Lipton kódà bó jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí rèé. Àbúrò ọkọ mi ti Lọ́ńdọ̀nù dé lọ́dún kan, ó fún mi ní agolo tíì kan. Wọ́n kọ FTGFOP1 sára agolo náà, lẹ́tà pọ̀ bíi nọ́ńbà mọ́tò. Mo ní tíì olówó ńlá nìyí. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi wá kí mi ní Sátidé kan, mo bu ṣíbí kan sínú kẹ́tùlù ńlá, mo da mílíìkì sí i, mo fi ṣúgà lé e. Ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Ọ̀kan nínú wọn fẹnu kàn án, ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi tíì sí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Tíì yẹn kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀lé mi, tiyín kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ronú nípa asẹ́, ẹ má tíì ronú nípa adùn

Igi kan ṣoṣo ni gbogbo tíì eléwé ti ń wá. Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n ń gbìn ín ní Kẹ́ńyà, ní Íńdíà, ní Sri Lanka. Ó sì wà nílé wa níbí lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí òtútù ti máa ń mú.

Wọ́n á já ọ̀mùnú orí ẹ̀ka pẹ̀lú ewé méjì tó tẹ̀lé e, wọ́n á sá a síbi tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ sí i títí yóò fi rọ, wọ́n á lọ́ ọ kí oje ara rẹ̀ lè jáde, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni ewé tútù ti ń di pupa rúsúrúsú, kó tó di dúdú. Ará Òròkí kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí mọ̀ pé bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, ó máa ń ṣe bí ewé tútù lójú, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di àwọ̀ aró. Atẹ́gùn ló ń ṣe é fún aró, òun náà ló ń ṣe é fún tíì, òun náà ló sì ń sọ iṣu tí a bẹ tí a gbàgbé sórí tábìlì di dúdú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ, wọ́n á sì kù ú. Bí a ṣe ń kù gaàrí gẹ́lẹ́ ni. Èyí tó tóbi jù dúró sórí asẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀lé e dúró sórí ìkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tí èyí tó kúnná bíi lẹbú fi bọ́ sísàlẹ̀. Ohun tí asẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gbà ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè ní gíréèdì.

Nítorí náà, bí ewé ṣe tóbi tó ni gíréèdì ń sọ, àti bóyá ó wà lódindi tàbí ó ti fọ́. Kò sọ bóyá ó dùn. Kò sọ òkè tí wọ́n ti já a, kò sì sọ ìgbà tí wọ́n já a. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti bàjẹ́ kí wọ́n tó rin ín, asẹ́ wo ló máa sọ ọ́ di gaàrí gidi?

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka lẹ́tà náà láti ẹ̀yìn wá síwájú

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ojú wọn á sì dàrú. Ẹ wo lẹ́tà náà bí ẹni ń wo orúkọ tó ní oríkì níwájú: ẹ̀yìn ni orúkọ gan-an wà, oríkì ló kù.

Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ P (Pekoe) tàbí OP (Orange Pekoe), tí kò sí B kankan, odindi ewé ni, gígùn, tí wọ́n lọ́ bí okùn òwú. Bí B bá wà ṣáájú OP tàbí P, bíi BOP, ewé fífọ́ ni. B yẹn ni Broken. Bí ó bá parí sí F, bíi BOPF tàbí PF, Fannings ni, wóró kéékèèké tó kéré sí ewé fífọ́. Bí ẹ bá rí D, bíi PD tàbí D1, Dust ni, èyí tó kúnná jù.

F ni lẹ́tà tó ń tan èèyàn jẹ jù. F tó wà ní ìparí, Fannings ni. F tó wà ṣáájú OP tàbí BOP, Flowery ni, ìyẹn ni pé ọ̀mùnú wà nínú rẹ̀. Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀ o. Tíì kan wà láti Sri Lanka tí wọ́n ń kọ FBOPF sí: F méjì, iṣẹ́ méjì.

Ó wá ku oríkì. G ni Golden: ọ̀mùnú tí irun ara rẹ̀ ti di àwọ̀ wúrà nígbà tí oje ewé gbẹ mọ́ ọn. T ni Tippy, ọ̀mùnú náà pọ̀. F tó bá ṣáájú T ni Finest, S ni Special. Nọ́ńbà 1 tó gbẹ̀yìn sì ń sọ pé nínú gíréèdì yẹn, èyí ni wọ́n kà sí àṣàyàn. Ẹ wá padà sórí agolo mi: FTGFOP1. Orúkọ rẹ̀ ni OP, odindi ewé. Ìyókù, oríkì. Àwọn oníṣòwò tíì fúnra wọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ohun tí FTGFOP dúró fún ni "Far Too Good For Ordinary People", pé ó ti kọjá ohun tí mẹ̀kúnnù ń mu. Darjeeling ní Íńdíà ni ẹ ti máa bá irú oríkì gígùn bẹ́ẹ̀ pàdé jù.

Nípa Orange Pekoe, ẹ jọ̀wọ́, kò kan ọsàn. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tí ọlọ́jà kan ń sọ fún oníbàárà tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú pé ọsàn inú rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ fún un. Kò sí ọsàn nínú rẹ̀, kò sí òórùn ọsàn pàápàá. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni Pekoe ti wá, irun funfun tó máa ń bo ọ̀mùnú tíì ni wọ́n ń wí. Ní ti Orange, àwọn kan ní ìdílé ọba Họ́láńdì tó ń jẹ́ Orange ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi sọ ọ́, torí wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó tíì wọ Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1610. Àwọn mìíràn ní àwọ̀ bàbà ara ewé náà ló fà á. Èyí ó wù ó jẹ́, ẹ má fún ọlọ́fìnkìn ní Orange Pekoe kẹ́ ẹ sọ pé oògùn ni.

Kò sí àjọ kan ṣoṣo tó ń fún gbogbo ayé ní gíréèdì yìí. BOP Sri Lanka lè kéré sí BOP Assam ní Íńdíà, àwọn ará Ṣáínà kì í sì í fi lẹ́tà wọ̀nyí sórí tíì tiwọn. Torí náà, ẹ fi OP wé OP tó bá jẹ́ láti ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wò ó bóyá CTC ni

Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan jáde ní Assam tó ní irin onígbọ̀ọ́rọ̀ méjì tí eyín wà lára wọn. Ewé á gba àárín wọn kọjá, wọn á fọ́ ọ, wọn á ya á, wọn á sì ká a di wóró róbótó. Crush, tear, curl: ibẹ̀ ni CTC ti wá. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń lọ́ ewé láìrún un ni wọ́n ń pè ní orthodox.

Tíì Kẹ́ńyà, CTC ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ọjà Mombasa ni wọ́n sì ti ń fi owó lé e lórí. Gíréèdì tiwọn kò ní oríkì rárá. BP1 ló tóbi jù, PF1 tẹ̀ lé e, PD tẹ̀ lé e, D1 ló kúnná jù. PF1 ni ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ báàgì tíì. Ẹ ya báàgì kan lónìí kẹ́ ẹ wò ó: wóró dúdú bíi gaàrí tí wọ́n yan jù. Bí èyí tí ẹ rí bá jẹ́ wóró róbótó, CTC ni. Bó bá jẹ́ pẹlẹbẹ tó já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, orthodox ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ da á sínú abọ́ funfun

Lẹ́tà ara páálí lè parọ́, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá lẹ ra. Ẹ bu ṣíbí méjì sínú abọ́ funfun, kẹ́ ẹ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá wóró rẹ̀ dọ́gba. Gíréèdì tó bá jẹ́ òótọ́ máa ń dọ́gba, torí asẹ́ kan náà ló gbà á. Bí ẹ bá rí èyí tó gùn, èyí tó kúnná àti igi pupa gátagàta nínú rẹ̀, wọ́n ti lú u pọ̀ ni. Igi pupa wẹ́wẹ́ yẹn jẹ́ pòròpórò àti iṣan ewé. Díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí tíì lágbára.

Ẹ fi ìka méjì tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó yẹ kó fọ́ kẹ́kẹ́. Bó bá rọ̀ bí ewé tí ìrì sẹ̀ sí, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: tíì rere ń ta sánsán díẹ̀ bíi koríko gbígbẹ tàbí oyin. Bó bá jẹ́ òórùn ọṣẹ tàbí edé lẹ gbọ́, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n tò ó tì nínú ṣọ́ọ̀bù.

Nǹkan méjì tún wà tí mo máa ń ṣe sí tíì tí mi ò bá mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èkínní, mo máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀. Inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ tèmi. Irin ẹ̀rọ CTC máa ń jẹ, ìyẹ̀fun irin sì lè bá tíì lọ. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé ìyẹ̀fun dúdú púpọ̀ jáde, ẹ da tíì náà nù. Èkejì, ẹ fi omi tútù rin bébà funfun tàbí tíṣù, kẹ́ ẹ wọ́n tíì díẹ̀ sí i. Tíì gidi kì í tètè yọ àwọ̀ sómi tútù. Bí àwọ̀ bá tú jáde lójú ẹsẹ̀, tó ń ràn yíká, wọ́n ti pa á láró. Òtítọ́ ni pé ìlú aró nìlú wa, ṣùgbọ́n inú ìkòkò aláró ni ká jẹ́ kó mọ.

Bó bá jẹ́ páálí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa pé, ó parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn

Tíì kan ṣoṣo kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Méjì ni kẹ́ ẹ jọ sè, kẹ́ ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àwọn tó ń fi títọ́ tíì wò ṣiṣẹ́ ní ìlànà, àjọ ISO tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1980, nọ́ńbà rẹ̀ ni ISO 3103: tíì 2g sí omi 100ml tó ń hó, ìṣẹ́jú 6, láìfi ṣúgà sí i. Ó le ju ohun tí à ń mu lọ. Kò sí fún ìgbádùn, kí àbùkù lè hàn ni.

Nílé, ẹ ra omi piọ́ wọ́tà kan, 50cl nìyẹn. Ẹ sè é títí tí yóò fi hó yaya, kẹ́ ẹ pín in sí ife méjì dọ́gbadọ́gba. Tíì 5g ló yẹ ife kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n, ṣíbí tíì pẹrẹsẹ kan ti CTC tó nǹkan bí 2g, nítorí náà méjì ààbọ̀. Ṣùgbọ́n odindi ewé fúyẹ́, ó sì ń gba àyè; ó lè tó ìlọ́po méjì ṣíbí bẹ́ẹ̀ kó tó wúwo tó. Ohun tó pa mí láyò lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an nìyí. Ṣíbí kan tí mo bù, ìwọ̀n rẹ̀ kéré, kẹ́tùlù sì tóbi.

Ẹ bo ife náà. Bí ìṣẹ́jú 6 bá pé, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wo àwọ̀: bó bá mọ́ tó ń dán bí oyin tàbí bàbà, ó dára, bó bá ṣe dẹ̀dẹ̀ bí omi agbo àná, ẹ fura. Ẹ fi ṣíbí mu ún tòun ti ariwo, ẹ má tijú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe. Tíì tó lágbára máa ń fún ahọ́n mọ́ra díẹ̀, bí ìgbà téèyàn gé obì jẹ. Kò yẹ kó korò dé ọ̀fun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó pọ́n bíi kọ́bọ̀ tuntun ló sàn ju èyí tó dúdú bọ̀lọ̀jọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ṣe máa mu ún ni kẹ́ ẹ fi ra á

Mo di ewé FTGFOP1 mi díẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Sábó, lọ́dọ̀ Máàlámù tí mo máa ń ra tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró tì í. Kẹ́tùlù rẹ̀ wà lórí èédú, aṣọ tó fi ń sẹ́ tíì ti pọ́n bí awọ. Ó gbé ife kan sókè orí, ó gbé èkejì sí ìdí, ó ń da tíì láti òkè sísàlẹ̀ láìta sílẹ̀, ìfófòó sì ń yọ lójú rẹ̀. Mo na ewé náà sí i. Ó mú ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Àlájà, ewé yìí lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò lè gbé mílíìkì."

Ó ṣí agolo tirẹ̀ hàn mí. Dust ni, ó dúdú, ó kúnná débi pé ó wọ ojú ìka rẹ̀. "Èyí ló ń gbé e."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Bí èèyàn bá ju odindi ata gbígbẹ sínú ọbẹ̀, kò ní ta bí èyí tí wọ́n gún. Bí ewé bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń tètè rí ara rẹ̀ gbá mú, tí àwọ̀ àti agbára rẹ̀ ń jáde kíá. Mílíìkì ní tirẹ̀ máa ń di ohun tó ń fún ahọ́n nínú tíì mú, ó ń rọ̀ ọ́ lójú. Tíì tó bá fúyẹ́ yóò sọnù sínú rẹ̀ pátápátá. Dust kì í ṣe ohun tí wọ́n gbá nílẹ̀ ilé iṣẹ́, bí àwọn kan ṣe ń rò. Asẹ́ ìkẹyìn ló gbà á, bẹ́ẹ̀ ni dust tó dára máa ń wọ́n ju odindi ewé tí kò dára lọ. Fún ẹni tó ń ta tíì, ó tún ní èrè mìíràn: kílò kan rẹ̀ ń mú ife tó pọ̀ jáde ju kílò kan odindi ewé lọ.

Bí mo ṣe ń pín in rèé:

- Tíì onímílíìkì àti búrẹ́dì ní àárọ̀: PF1 tàbí BP1, ìṣẹ́jú 2 sí 3.
- Kẹ́tùlù ńlá fún àlejò púpọ̀, tàbí tíì bíi ti Sábó: Dust, ìṣẹ́jú 1 sí 2. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì ni kẹ́ ẹ fi sẹ́ ẹ. Asẹ́ tíì onírin kò lè mú un, gbogbo rẹ̀ ni yóò bọ́ sínú ife. Kí aṣọ náà jẹ́ ti tíì nìkan, àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ tíì tó kan.
- Láàárín méjèèjì: BOP, ìṣẹ́jú 3 sí 4. Ó gba mílíìkì díẹ̀, ó sì ṣeé mu lásán. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹyọ kan péré sílé, òun ni kẹ́ ẹ rà.
- Láìsí mílíìkì, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí oyin: OP àti gbogbo ẹbí rẹ̀ olóríkì, ìṣẹ́jú 4 sí 5. Ẹ lè da omi gbígbóná sí ewé kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má dán ìyẹn wò pẹ̀lú dust, ó ti tán nígbà àkọ́kọ́.

Tíì tí ẹ bá gbàgbé sínú omi kọjá àkókò yóò korò, gíréèdì yòówù kó jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó lágbára sí i, ewé ni kẹ́ ẹ fi kún un, kì í ṣe ìṣẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìpamọ́

Ohun tó ń jẹ́ kí dust tètè yọ àwọ̀ sínú omi náà ló ń jẹ́ kó tètè ṣá: atẹ́gùn rí ara rẹ̀ gbá mú. Nítorí náà, ẹ ra díẹ̀díẹ̀. Agolo tó dé pinpin ló yẹ ẹ́, kó jìnnà sí oòrùn, sí iná ìdáná àti sí ohunkóhun tó ń rùn. Ẹ má gbé e sí fíríìjì, ọ̀rinrin ibẹ̀ yóò wọ̀ ọ́.

Mo mu agolo àbúrò ọkọ mi tán lóṣù méjì, ṣíbí méjì sí ife kọ̀ọ̀kan, láìfi mílíìkì kàn án. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tún padà wá, PF1 ni mo sè fún wọn. Ẹni tó bi mí léèrè lọ́jọ́sí mu ife méjì, ó sì ní kí n bu díẹ̀ sínú ọ̀rá fún òun.